Wọ́n Ní Bàbá Wa Ṣe Amí Nígbà Ogun Hitler

Inú agolo bisikíìtì kan tó ti dípẹtà ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Abẹ́ ibùsùn màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni agolo náà wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò tú wò rí. Wọ́n ti fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà, wọ́n sì fi bébà pẹlẹbẹ kan lẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n tẹ OPENED BY EXAMINER sára bébà yẹn, nọ́mbà kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá àgbà wẹ̀yìn wò, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀: "Iṣẹ́ tí bàbá yín àgbà ṣe nígbà ogun Hitler nìyẹn. Amí ni wọ́n. Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ẹnu rẹ o." Ohun tó lé lógójì ọdún ni ogun ti parí nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílé ni mo kọ orí yìí fún. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ má wá amí, iṣẹ́ ni kí ẹ wá. Orúkọ tí ará ilé fi bo ohun tí wọn kò lè bi bàbá léèrè ni "amí" máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń ka lẹ́tà ní ọ́fíìsì ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀. Ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ọlọ́pàá inú tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, onífàyàwọ́ tó ń gba ojú igbó kọjá wà níbẹ̀, akọ̀wé èbúté tó ń ka iye ọkọ̀ tó wọlé wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìwé àtijọ́ kan, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí, tí ẹ ní kí wọ́n wá amí fún yín, ẹ ó padà lọ́wọ́ òfo. Bí ẹ bá béèrè ìwé owó oṣù àwọn ògbufọ̀ ní ọdún 1941, ọ̀nà lè là.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ogun tí à ń sọ. Àwọn àgbà a máa ní "ogun Jámánì", ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi orúkọ yẹn pe ogun 1914 sí 1918, èyí tí àwọn ọmọ wa lọ jà ní Kamẹrúùnù. Ti Hitler ni ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1939 tó parí ní 1945. Bí ìtàn náà bá ní Bọ́mà nínú, ti Hitler ni. Bí wọ́n bá ní "nígbà Púlẹ̀nì", nígbà tí ìjọba ń fi agbára dá iye owó gàrí ní Èkó tí Alimotu Pelewura àti àwọn ìyá ọlọ́jà fi àáké kọ́rí, ti Hitler náà ni. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945, èyí tí wọ́n ń pè ní Kólà, ni òpó tí ẹ lè fi mọ ìparí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ lè mọ̀ dájú pé òun ti ń jókòó nígbà Kólà.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi nílò amí níbí, nígbà tí ìbọn ń dún ní ìlú òyìnbó? Ní oṣù Kẹfà 1940, Faransé ṣubú sọ́wọ́ Jámánì. Boisson, ọ̀gá àgbà Faransé ní Dakar, dúró ti ìjọba Pétain ní Vichy, èyí tó ti bá Jámánì ṣe àdéhùn, gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Bí Dàhòmì, tí à ń pè ní Benin lónìí, ṣe di ilẹ̀ ọ̀tá nìyẹn, Niger náà sì dà bẹ́ẹ̀ ní òkè. Ní ìlà-oòrùn, Leclerc àti àwọn ènìyàn de Gaulle, àwọn Faransé tó kọ̀ láti tẹríba fún Jámánì, gba Èkó kọjá ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì gba Douala ní Kamẹrúùnù kí oṣù tó parí. Ọkọ̀ òfuurufú tí ogun Íjíbítì nílò ń gba orí wa kọjá: láti Takoradi wá sí Èkó, sí Kánò, sí Máídúgùrí, títí dé Khartoum. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè fojú fo ilẹ̀ tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan péré lọ sí Èkó.

Ṣùgbọ́n àárín ilé wa ni ààlà náà gbà. Òyìnbó ló fà á. Kétu wà lọ́hùn-ún, Ìmẹ̀kọ wà níhìn-ín. Ìfọ̀ǹyìn, Pobẹ̀, Sàkétẹ́, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ọmọ ìyá kan náà ló ń sọ èdè kan náà, oko ẹlòmíràn wà lábẹ́ Faransé, ibojì bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan kò lè rìn wọ Sàkétẹ́ kó má hàn. Ìyá tó ru igbá lọ sí ọjà kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú kí ìtàn amí wà ní ẹ̀bá ààlà wa nìyẹn, òun náà ló sì mú kó ṣòro láti rí nínú ìwé.

Ìyá àgbàlagbà kan tó bá wa tan ní ọ̀nà Ìdíìrókò ló là mí lójú. Mo ti lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo ń béèrè bóyá amí ni ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn pé àwọn kò mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo yí ìbéèrè padà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bùọ̀dá yín máa ń rù lọ sí Sàkétẹ́?"

"Iyọ̀ ni. Iyọ̀ wọ́n gan-an lọ́hùn-ún nígbà yẹn."

"Kí ni wọ́n máa ń rù bọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnu."

Wọ́n wá ròyìn bí bùọ̀dá wọn ṣe máa ń dé ní òru, tí kì í kọ́kọ́ wọlé, tó máa ń yà sí ilé ògbufọ̀, tí ògbufọ̀ á bi í pé sójà mélòó ló rí ní ojú pópó, ṣé wọ́n ti tún afárá ṣe, ta ni wọ́n mú. Ṣílè méjì ni wọ́n máa ń fún un. Ìyá kò pe èyí ní amí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Lójú tiwọn, fàyàwọ́ ni iṣẹ́ bùọ̀dá àwọn, ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ara ẹrù tó ń gbé ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé iwájú àgbà, ohun tó ṣeé fojú rí ni kí ẹ máa béèrè. Kí ló máa ń gbé lọ? Ọ̀nà wo ló ń gbà? Ta ló ń sanwó fún un, owó Gẹ̀ẹ́sì ni àbí ti Faransé? Èdè wo ló gbọ́? Ilé ta ló ń sùn sí lọ́hùn-ún? Ṣé ó máa ń wọ bàtà? Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè bàtà: ìgbà tí àwọn ọmọ ilé kan bá rántí pé bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà, ìgbà náà lè jẹ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù. Ẹ bi àwọn obìnrin ilé lọ́tọ̀, kí àwọn ọkùnrin má wà níbẹ̀, torí ìyàwó ló ń fọ ẹ̀wù, òun ló mọ ẹ̀wù tí ilẹ̀ pupa ojú igbó wà lára rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì bàbá náà, kí ẹ gbà á sínú fóònù. Nígbà mìíràn, ìlà kan tí wọ́n fi kún oríkì lẹ́yìn ogun lè mẹ́nu ba ibi tó lọ tàbí ọ̀gá òyìnbó tó sìn. Bí àgbà bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, torí bí ẹ bá ti dárúkọ "MI6", ẹgbẹ́ amí Gẹ̀ẹ́sì, fún un, "MI6" ni yóò máa sọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ìtàn náà ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti ìgbà tó gbọ́ ọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tó dàgbà nígbà ogun náà tó ṣì wà láyé. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, ẹ̀yin náà sì ní láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọjá kó tó dé etí yín.

Mo fẹ́ mú ìtàn kan tí ó wà ní àkọsílẹ̀ wá kí ẹ lè rí bí a ṣe ń fi ìwé yẹ ìtàn ẹbí wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní oṣù Keje 1940 tí wọ́n ń pè ní SOE, láti máa da nǹkan rú fún ọ̀tá ní ìkọ̀kọ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ọ́fíìsì ní Èkó, Louis Franck, ọkùnrin tó ti ń ṣe iṣẹ́ báńkì tẹ́lẹ̀, ni ó sì jẹ́ olórí wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Santa Isabel, olú-ìlú Fernando Po tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, tí à ń pè ní Malabo lónìí, ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, dúró sí èbúté. Ọkọ̀ Jámánì méjì, Likomba àti Bibundi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Sípéènì kò sí nínú ogun, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jagun ní èbúté rẹ̀. Ẹ̀rù sì ń ba Gẹ̀ẹ́sì pé rédíò ọkọ̀ Ítálì yẹn lè máa sọ ibi tí ọkọ̀ wọn ń gbà fún ọ̀tá.

SOE wá pinnu láti jí àwọn ọkọ̀ náà gbé. Ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì níbí, Ọ̀gágun Giffard, kọ̀ láti yá wọn ní ènìyàn, torí ó ń bẹ̀rù ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ. Bernard Bourdillon, Gómìnà Nàìjíríà, ló fún wọn ní ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ńlá, Vulcan àti Nuneaton. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní 1942, ènìyàn 32 ló kúrò ní Èkó lábẹ́ ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, Gus March-Phillipps. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn jẹ́ àwọn tí wọ́n kó jọ ní Èkó. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, Richard Lippett, ọmọ SOE tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ John Holt ní erékùṣù náà, ti ṣètò kí àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ọ̀tá wà níbi àsè ní etíkun. Bí wọ́n ti ń jẹun ni àwọn tó ti Èkó wá yìí gun orí ọkọ̀, wọ́n fi bọ́ǹbù já ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, wọ́n sì fa ọkọ̀ lọ. Ariwo bọ́ǹbù náà mú kí wọ́n rò ní Santa Isabel pé ọkọ̀ òfuurufú ló wá kọlù wọ́n, wọ́n wá ń yìnbọn sí ojú ọ̀run. Ẹnikẹ́ni kò kú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ Ítálì náà wọ èbúté Èkó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ fún gbogbo ayé pé ojú òkun ni àwọn ti bá a pàdé.

Ẹ wá wò ó. Ká ní wọ́n ń sọ nílé yín pé bàbá yín wà nínú àwọn tó "jí ọkọ̀ ọ̀tá gbé". Ìtàn náà kò ní jẹ́ àlá. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ wà láti yẹ̀ wò. Ṣé bàbá ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó ní oṣù Kíní 1942? Ṣé ẹnu ọ̀nà Èkó ló ti rí ọkọ̀ náà nígbà tó ń wọlé, tí ìtàn fi gbé e dé Santa Isabel? Àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lè ti rí ọkọ̀ àjèjì yẹn ní Apápá, kí wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni ìjọba ń pa nípa bó ṣe dé. Ẹni tó mọ̀ tí wọ́n ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ yóò di amí lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe irọ́. Bàbá pa àṣírí mọ́ ní tòótọ́. Iṣẹ́ yín ni láti mọ irú àṣírí tó jẹ́.

Fún ti Dàhòmì, ọjọ́ ló ń ṣe adájọ́. Láti àárín ọdún 1940 ni ilẹ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ Vichy, ní ìparí 1942 sì ni Boisson yí padà, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ sí Àríwá Áfíríkà. Ìtàn amí sí Sàkétẹ́ tàbí Kútọnu tí wọ́n bá gbé sí 1944 ní láti tún yẹ̀ wò. Bóyá ọdún ló ṣì. Bóyá fàyàwọ́ lásán ni.

Ní ti ìwé, inú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, Bíbélì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, ẹ̀yìn fọ́tò. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò dáadáa, torí orúkọ ayàwòrán àti ìlú rẹ̀ lè fi hàn pé bàbá tí wọ́n ní kò kúrò ní Ìpókíá rí ya fọ́tò ní Àjàṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ti ọwọ́ Kenneth Dike wá ní 1954. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tó to fáìlì lẹ́sẹẹsẹ. CSO 26 ni ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba, Abe Prof ni ti Abẹ́òkúta tí Ìlaròó àti ìhà Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ rẹ̀, Comcol sì ni ti Èkó àti Àgbádárìgì. Ẹ mú lẹ́tà ìfinimọ̀ dání láti ibi iṣẹ́ tàbí iléèwé yín, owó díẹ̀ àti sùúrù tó pọ̀. Ẹ má wo fáìlì tí wọ́n kọ "amí" sí nìkan. Ẹ wo èyí tó ní ọ̀rọ̀ ààlà, ọ̀rọ̀ iyọ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè, àti ẹ̀sùn tí àwọn ọba àti baálẹ̀ kọ. Akọ̀wé òyìnbó kò mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ wa, nítorí náà ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tó lè gbà kọ orúkọ bàbá yín sórí bébà kan kí ẹ tó lọ. Ìmẹ̀kọ lè di Meko, Ṣàngódélé lè di Shangodele tàbí Sangodeli. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ bàbá ló ní orúkọ ilé, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti orúkọ tí òyìnbó fún wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rán an lọ sí National Archives ní Kew. Ọ̀fẹ́ ni kíkà níbẹ̀, ó lè fi fóònù ya fáìlì, ẹ̀yin náà sì lè wá orúkọ fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé kó tó lọ. CO 583 ni lẹ́tà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Nàìjíríà àti Lọ́ńdọ̀nù. HS 3 ni ti SOE ní Áfíríkà, ibẹ̀ ni fáìlì Fernando Po wà. HS 9 ni ti àwọn tó ṣiṣẹ́ fún SOE, orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún kò bá tí ì pé láti ìgbà tí wọ́n bí ẹni náà, ẹ ó nílò ẹ̀rí pé ó ti kú kí wọ́n tó ṣí i. KV 2 ni àwọn tí MI5, ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá amí ọ̀tá, ń ṣọ́, àwọn ẹlòmíràn sì máa ń yà lẹ́nu láti rí i pé wọ́n ń ṣọ́ bàbá wọn dípò kó máa ṣọ́ ẹlòmíràn. FCO 141 ni àwọn fáìlì tí Gẹ̀ẹ́sì kó kúrò ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, tí wọn kò jẹ́wọ́ pé ó wà lọ́wọ́ wọn àfi ní 2011. Ó dùn mí títí dòní pé ìwé tiwa ni wọ́n tì mọ́lé fún bí àádọ́ta ọdún.

Ti MI6 kò sí níbẹ̀ rárá, wọn kì í ṣí i. Graham Greene, òǹkọ̀wé ńlá yẹn, ṣiṣẹ́ fún MI6 ní Freetown ní 1942, ó sì kọ́kọ́ gbé Èkó fún oṣù díẹ̀, níbi tó ti ń tú wáyà àṣírí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n fi bo tirẹ̀ ní Freetown. Bí ẹ bá wá rí "CID", ìyẹn ọlọ́pàá inú, nínú ìtàn bàbá yín, ẹ fi í sọ́kàn pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ gan-an, ó sì lè jẹ́ aṣọ ìbora. Púpọ̀ nínú ìwé SOE ni wọ́n sun tàbí tí iná jó ní 1946. Àìsí orúkọ bàbá yín níbẹ̀ kò sọ ọ́ di òpùrọ́.

Ẹ wo ìhà kejì pẹ̀lú: ilé ìwé àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, ti Dakar tí ìwé gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Faransé wà, àti ti Aix-en-Provence ní Faransé. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohun tí ọ̀tá kọ nípa àwọn tiwa, tí wọ́n bá mú wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra. Ẹni tí wọ́n mú, ẹnì kan ló tọ́ka sí i. Ẹ lè ṣí fáìlì kí ẹ bá orúkọ ìdílé tí ẹ ti fẹ́ ìyàwó. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo pa fáìlì náà dé, mo lọ jókòó sábẹ́ igi níta fún wákàtí kan. Mo kọ ọjọ́ àti nọ́mbà fáìlì sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ka orúkọ yẹn sókè ní ìpàdé ẹbí kankan, n kò sì ní kà á títí n ó fi rí ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé náà bá sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn tó wà nínú ìwé ti kú. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń pàdé ní ọjà.

Agolo màmá àgbà wá ńkọ́? Nígbà tí mo tún gbé lẹ́tà yẹn wò, mo rí ohun tí ojú ọmọdé mi kò rí. Bàbá àgbà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́tà rẹ̀ ni wọ́n là. Bébà yẹn fi hàn pé wọ́n ṣí i, kò sọ ẹni tó ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni nọ́mbà yẹn kò fi hàn pé tirẹ̀ ni. N bá dá a dúró síbẹ̀, pé màmá àgbà ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin ṣì wà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tú u lórí tábìlì, torí ojú ìkáwé rẹ̀ ti fẹ́ já. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni, ti 1945. Ó ní ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ lẹ́tà wò, pé ó gbọ́ Yorùbá àti Faransé, pé ìwà rẹ̀ dára, pé ó mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Mo kà á fún àbúrò bàbá mi obìnrin. Inú wọn kò dùn tó bí mo ṣe rò. Wọ́n fẹ́ amí, mo fún wọn ní akọ̀wé. A jọ sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì pa èyíkéyìí rẹ́. Ìlà méjì ló wà nínú ìwé ẹbí wa báyìí, lábẹ́ orúkọ bàbá àgbà. Èkíní: "Ó ka lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn fún ìjọba ní ọdún méjì, wọ́n sì ka tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, 1945." Èkejì: "Amí ni. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ."